Ignaz Semmelweis: Dókítà Tí Ó Fi Ìṣirò Gba Abiyamọ Là



Nígbà tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ aláboyún bá súnmọ́, àdúrà tí a máa ń gbà fún un ni pé kí a gbóhùn ìyá, kí a gbóhùn ọmọ. Ní ìlú Vienna, olú-ìlú ilẹ̀ Austria, ní nǹkan bí ọgọ́sàn-án ọdún sẹ́yìn, ilé ìwòsàn ńlá kan wà tí ó jẹ́ pé ohùn ọmọ nìkan ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń gbọ́ níbẹ̀. Ìyá á bímọ láyọ̀. Ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, ibà á gbé e dè, inú rẹ̀ á wú, á sì máa run ún gidigidi. Kí ọjọ́ tó lọ títí, wọ́n ti gbé e lọ sí ilé òkú. Ibà abiyamọ ni wọ́n ń pe àìsàn náà, kò sì sí dókítà tí ó mọ ìdí rẹ̀.

Ẹni tí ó wá ìdí rẹ̀ rí ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín. Orúkọ rẹ̀ ni Ignaz Semmelweis. Ní ìgbà ayé rẹ̀, àwọn oníṣègùn kò tíì mọ̀ pé kòkòrò tí ojú kò lè rí ni ó ń fa irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ní lọ́wọ́ kò ju ìwé àkọsílẹ̀ ìbímọ àti ikú lọ, pẹ̀lú sùúrù láti kà á bí ó ti yẹ. Ìtàn náà kàn wá lónìí, nítorí pé ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí a má gbọ́ lórí rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n pé ìwádìí tuntun ti fi hàn pé oògùn kan dára, tàbí pé oúnjẹ kan ń ṣe ènìyàn ní ibi. Ìbéèrè tí ọkùnrin yìí fi wádìí ìwé rẹ̀ ni ó yẹ kí àwa náà máa fi wádìí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀.

ỌMỌ ONÍṢÒWÒ LÁTI BUDA

Ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1818 ni wọ́n bí Semmelweis ní ìlú Buda ní ilẹ̀ Hungary, létí odò Danube. Buda yìí àti Pest tí ó wà ní òdìkejì odò ni wọ́n so pọ̀ lẹ́yìn náà tí ó di Budapest. Baba rẹ̀ ń ta oúnjẹ àti èlò ilé. Ní ọdún 1837, ó lọ sí Vienna láti kọ́ ìmọ̀ òfin, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi yí padà sí ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ó gba oyè dókítà ní ọdún 1844. Ní oṣù keje ọdún 1846, wọ́n fi í ṣe igbákejì ọ̀gá ní ẹ̀ka ìgbẹ̀bí kìíní ti Ilé Ìwòsàn Gbogbogbòò ìlú Vienna.

Àwọn obìnrin tálákà ni ó pọ̀ jù lára àwọn tí ń wá bímọ níbẹ̀. Wọn kì í san owó. Ohun tí wọ́n fi ń san án ni pé wọ́n gbà kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi wọ́n kọ́ṣẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní ibòmíràn tí wọ́n lè lọ.

ẸNI MÉLÒÓ NÍNÚ ẸNI MÉLÒÓ?

Ẹ̀ka ìgbẹ̀bí méjì ni ó wà nínú ilé ìwòsàn náà, wọ́n sì fara kan ara wọn. Láti ọdún 1833 títí di 1840, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dókítà àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ agbẹ̀bí jọ wà nínú ẹ̀ka méjèèjì ni. Ní gbogbo àkókò yẹn, ikú tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀ka méjèèjì súnmọ́ ara wọn: nínú 100 abiyamọ, ìwọ̀n 6.6 ní ẹ̀ka kìíní àti 5.6 ní ẹ̀ka kejì. Nígbà tí ọdún 1840 ń lọ sópin, ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀: kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dókítà máa lo ẹ̀ka kìíní, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ agbẹ̀bí máa lo ẹ̀ka kejì. Láti ìgbà náà ni nǹkan ti yí padà.

Ní ọdún 1846, abiyamọ 459 ni ó kú ní ẹ̀ka kìíní, 105 sì kú ní ẹ̀ka kejì. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè sọ pé bóyá àwọn tí ń bímọ ní ẹ̀ka kìíní ló pọ̀ jù. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí iye àwọn tí ó kú kò fi tó láti dá ẹjọ́. Ó yẹ kí a béèrè pé: nínú ẹni mélòó? Semmelweis béèrè bẹ́ẹ̀, ìwé sì dá a lóhùn. Ní ẹ̀ka kìíní, ìbímọ 4,010 ni ó wáyé. Ní ẹ̀ka kejì, 3,754. Nítorí náà, nínú 100 obìnrin tí ó wọ ẹ̀ka kìíní lọ bímọ, ó ju mọ́kànlá lọ tí kò padà sílé. Ní ẹ̀ka kejì, wọn kò pé mẹ́ta.

Ẹnìkan tún lè sọ pé ọdún burúkú kan péré ni. Ó tún kà á láti 1841 dé 1846. Láàrin ọdún mẹ́fà náà, ẹ̀ka kìíní gba ìbímọ 20,042, abiyamọ 1,989 sì kú. Ẹ̀ka kejì gba ìbímọ 17,791, abiyamọ 691 sì kú. Kò sí ọdún kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ẹ̀ka kìíní kò burú ju èkejì lọ. Bí a bá ju owó irin sókè ní ìgbà 10 tí orí sì yọ ní ìgbà 7, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu. Ó lè ṣe kòńgẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá jù ú ní ìgbà 1,000, tí orí sì yọ ní ìgbà 700, a mọ̀ pé nǹkan kan ń bẹ lára owó náà. Bí iye tí a kà bá ti ń pọ̀ sí i ni agbára kòńgẹ́ ń dín kù.

Ó tún rí ohun mìíràn tí ìwé náà fi pamọ́. Ìgbà mìíràn wà tí wọ́n máa ń gbé àwọn abiyamọ tí ó ń ṣàìsàn kúrò ní ẹ̀ka kìíní lọ sí wọ́ọ̀dù mìíràn nínú ilé ìwòsàn ńlá náà. Bí wọ́n bá kú síbẹ̀, wọn kì í kà wọ́n mọ́ ti ẹ̀ka kìíní. Èyí ni pé aburú ibẹ̀ tilẹ̀ ju ohun tí ìwé sọ lọ. Ẹni tí ó bá ń ka ìròyìn ìwádìí gbọ́dọ̀ béèrè bákan náà: àwọn wo ni wọ́n yọ kúrò kí wọ́n tó kà?

Àwọn obìnrin ìlú kò ka ìwé kankan, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀. Àwọn mìíràn ń kúnlẹ̀, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n pẹ̀lú omijé pé kí wọ́n má gbé àwọn lọ sí ẹ̀ka kìíní. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò lè yan ibi tí ó wù ú. Ọjọ́ tí obìnrin bá dé ni ó ń pinnu: bí ó bá dé lónìí, ẹ̀ka kìíní, bí ó bá dé lọ́la, ẹ̀ka kejì.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí. Nítorí pé ọjọ́ ni ó ń pín wọn, àwọn obìnrin tí ó wà ní ẹ̀ka méjèèjì jọ ara wọn: tálákà kan náà, ìlú kan náà, oúnjẹ kan náà. Kì í ṣe pé àwọn aláìlera lọ sí apá kan, tí àwọn alágbára lọ sí apá kejì. Lónìí, bí àwọn oníwàdìí bá fẹ́ dán oògùn wò, ṣe ni wọ́n máa ń ṣẹ́ kèké láti mọ ẹni tí yóò lo oògùn tuntun àti ẹni tí kò ní lò ó. Ìdí kan náà ni: kí ẹgbẹ́ méjèèjì lè jọ ara wọn kí a tó fi wọ́n wé ara wọn. Àwọn àgbà wa ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé ọgọ́rùn-ún ènìyàn lo oògùn kan tí ara wọn sì yá, ẹjọ́ ẹnìkan nìyẹn. Àwọn tí kò lò ó ńkọ́?

WỌ́N MÚ ÀJÒJÌ

Semmelweis wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ó fa ikú náà, ó ń mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n ní afẹ́fẹ́ burúkú ni. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà. Afẹ́fẹ́ tí ó wọ ẹ̀ka kìíní ni ó wọ èkejì. Wọ́n ní èrò ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka kejì ni èrò ń fún mọ́ ara wọn jù, nítorí pé gbogbo obìnrin ni ó ń sá wá síbẹ̀. Ó tilẹ̀ rí i pé àwọn obìnrin tí ọmọ bọ́ lọ́wọ́ wọn lójú ọ̀nà, kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, kì í fi bẹ́ẹ̀ ní ibà náà. Ẹni tí ó bímọ sí ojú títì wà láàyè ju ẹni tí ó bímọ sí ọwọ́ dókítà lọ!

Àwọn kan ní àlùfáà ni. Bí àlùfáà bá ń gbé Ara Olúwa lọ fún ẹni tí ó fẹ́ kú, ó ní láti gba àárín àwọn wọ́ọ̀dù ẹ̀ka kìíní kọjá, ẹni tí ń lu agogo á sì máa ṣáájú rẹ̀. Ní ẹ̀ka kejì, kò ní láti ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ìbẹ̀rù agogo náà ni ó ń pa àwọn abiyamọ. Semmelweis kò fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó bẹ àlùfáà kí ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn, kí wọ́n má lu agogo mọ́. Àlùfáà gbà. Ikú kò dín kù. Ó rí i pé ní ẹ̀ka kejì, ẹ̀gbẹ́ ni àwọn obìnrin ń fi lélẹ̀ bímọ, ó ní kí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ka kìíní náà. Ikú kò dín kù.

Ní òpin ọdún 1846, ìgbìmọ̀ tí wọ́n yàn láti wádìí ọ̀rọ̀ náà gbé ìdájọ́ tirẹ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ líle ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń yẹ àwọn obìnrin wò, pàápàá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wá láti ilẹ̀ òkèèrè. Wọ́n dín akẹ́kọ̀ọ́ kù láti 42 sí 20, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lé gbogbo àjòjì kúrò. Àwa tí a jẹ́ àjòjì ní ilẹ̀ onílẹ̀ mọ irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó tẹ̀lé e. Ikú dín kù lóòótọ́! Ní oṣù kejì ọdún 1847, nínú ìbímọ 312, abiyamọ 6 péré ni ó kú. Bí wọ́n bá ti ìwé pa lọ́jọ́ náà, gbogbo ayé ìbá gbà pé àwọn àjòjì ni apànìyàn. Wọn kò ti ìwé pa. Ní oṣù kẹrin ọdún kan náà, tí àwọn àjòjì kò tíì padà, abiyamọ 57 kú nínú 312. Iye ìbímọ kan náà ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ náà ni, ikú sì ti ju ìlọ́po mẹ́sàn-án lọ.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí. Pé ohun kan tẹ̀lé òmíràn kò túmọ̀ sí pé èyí àkọ́kọ́ ni ó fa èkejì. Bí àkùkọ bá kọ tí ilẹ̀ sì mọ́, kì í ṣe àkùkọ ló mú ilẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ dá ẹjọ́ lẹ́yìn oṣù méjì tàbí mẹ́ta, kí ó rántí pé oṣù díẹ̀ lè tan ènìyàn jẹ.

IKÚ Ọ̀RẸ́ RẸ̀

Semmelweis kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ní àwọn oṣù tí ikú fi dín kù yẹn. Dókítà tí ó wà ní ipò náà ṣáájú rẹ̀ ti padà dé ní oṣù kẹwàá ọdún 1846, ó sì ní láti yẹra fún un. Nígbà tí àyè tún ṣí sílẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ogúnjọ́ oṣù kẹta ọdún 1847, lẹ́yìn ìrìn àjò kan tí ó lọ sí Venice. Ìròyìn ikú ni ó bá nílé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Jakob Kolletschka, ti kú. Níbi tí òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń la òkú wò, ọ̀bẹ akẹ́kọ̀ọ́ kan gún un ní ìka, àìsàn sì gbà á láti ojú ọgbẹ́ náà.

Semmelweis ka ìwé àyẹ̀wò òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí nínú ara Kolletschka kò yàtọ̀ sí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti rí nínú òkú àwọn abiyamọ. Ọkùnrin ni, kò lóyún, kò bímọ. Síbẹ̀ àìsàn kan náà ni ó pa wọ́n. Nígbà náà ni ojú rẹ̀ là. Bí ohun tí ó wá láti ara òkú, tí ọ̀bẹ gbé wọ inú ẹ̀jẹ̀, bá lè pa ọ̀jọ̀gbọ́n, ohun kan náà lè pa abiyamọ bí ìka dókítà bá gbé e wọ inú rẹ̀.

Nǹkan tí ó ya ẹ̀ka méjèèjì sọ́tọ̀ wá hàn kedere. Láràárọ̀, àwọn dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka kìíní ń la òkú wò, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń bọ̀ wá yẹ àwọn obìnrin wò. Wọ́n ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ṣùgbọ́n òórùn òkú kì í kúrò níbẹ̀. Àwọn agbẹ̀bí ẹ̀ka kejì kì í la òkú.

Ní àárín oṣù karùn-ún ọdún 1847, ó gbé ọpọ́n omi tí ó ní kiloríìnì nínú sí ẹnu ọ̀nà, ó sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan abiyamọ láìfi í fọ ọwọ́. Ní oṣù kẹrin, kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀n 18.3 nínú 100 ni ó kú. Ní oṣù kẹfà, abiyamọ 6 kú nínú 268, èyí tí ó jẹ́ 2.2 nínú 100. Ní oṣù keje, 3 kú nínú 250.

Ṣé ó lè jẹ́ kòńgẹ́, bíi ti oṣù kejì? Ó yẹ kí a béèrè, nítorí náà ni ó ṣe ń kà á lọ. Ní gbogbo ọdún 1848, ìbímọ 3,556 ni ó wáyé ní ẹ̀ka kìíní, abiyamọ 45 ni ó kú. Ní ẹ̀ka kejì, 43 kú nínú 3,219. Ìwọ̀n ti àkọ́kọ́ jẹ́ 1.27 nínú 100, ti èkejì jẹ́ 1.34. Ìyàtọ̀ tí ó ti wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún pòórá. Oṣù méjì wà nínú ọdún náà, oṣù kẹta àti oṣù kẹjọ, tí abiyamọ kan ṣoṣo kò kú ní ẹ̀ka tí gbogbo ìlú ti ń sá fún.

Ìṣirò náà dá ẹni tí ó ṣe é lẹ́bi pẹ̀lú. Nínú gbogbo dókítà ìgbẹ̀bí, díẹ̀ ni ó la òkú tó Semmelweis, nítorí pé ó fẹ́ mọ ohun tí ń pa àwọn obìnrin náà. Ó wá mọ̀ pé ọwọ́ òun fúnra òun ni ó ti ń gbé ikú lọ bá wọn. Kò fi í pamọ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ fún gbogbo ayé láti kà pé Ọlọ́run nìkan ni ó mọ iye àwọn tí òun ti tipa bẹ́ẹ̀ rán lọ sí sàréè láìtọ́jọ́.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1847, ohun kan tún ṣẹlẹ̀. Obìnrin kan tí ó ní jẹjẹrẹ ilé ọmọ wà lórí ibùsùn àkọ́kọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ọṣẹ nìkan ni wọ́n fi fọ ọwọ́ kí wọ́n tó lọ yẹ àwọn tí ó tẹ̀lé e wò. Nínú abiyamọ méjìlá tí ó bímọ ní àkókò kan náà, mọ́kànlá ni ó kú. Semmelweis kò sọ pé èyí kò bá ohun tí òun ti sọ mu, kí ó sì gbé e tì. Ó tún èrò rẹ̀ ṣe: kì í ṣe ara òkú nìkan, ohun jíjẹrà láti ara alààyè náà lè pa ènìyàn. Láti ìgbà náà, wọ́n ní láti fi omi kiloríìnì fọ ọwọ́ láàrin aláìsàn kan sí èkejì.

KÍ LÓ DÉ TÍ WỌN KÒ GBÀ Á?

A lè rò pé wọn yóò gbé e gẹ̀gẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Johann Klein, kò fara mọ́ ọn, nígbà tí àkókò iṣẹ́ rẹ̀ sì parí ní oṣù kẹta ọdún 1849, wọn kò gbà á padà. Ó ṣòro fún ọ̀pọ̀ dókítà láti gbọ́ pé ọwọ́ àwọn ni ó ń pa àwọn tí wọ́n wá tọ́jú.

Ṣùgbọ́n òun náà kò tètè kọ ìwé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ferdinand Hebra, ni ó kọ̀wé nípa iṣẹ́ náà ní òpin ọdún 1847 àti ní ọdún 1848. Ọ̀pọ̀ tí ó kà á rò pé ọ̀rọ̀ òkú nìkan ni ó ń sọ, àwọn tí ilé ìwòsàn wọn kì í la òkú sì ní kò kan àwọn. Oṣù karùn-ún ọdún 1850 ni ó tó dìde sọ̀rọ̀ níwájú ẹgbẹ́ àwọn dókítà Vienna. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ó fi ìlú sílẹ̀ lójijì láìdágbére fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ó padà sí ilẹ̀ rẹ̀. Láti ọdún 1851, ó ṣe àbójútó ẹ̀ka ìgbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn Rochus ní ìlú Pest. Láàrin ọdún mẹ́fà, ìbímọ 933 ni ó wáyé níbẹ̀, abiyamọ 8 ni ibà náà pa. Iye yìí kéré sí ti Vienna, a kò sì lè gbé gbogbo ẹ̀rí lé orí rẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n pé ohun kan náà ṣẹlẹ̀ ní ìlú mìíràn, láàrin àwọn ènìyàn mìíràn, mú kí ẹ̀rí ti Vienna fẹsẹ̀ múlẹ̀ sí i. Ìwádìí kan ṣoṣo kò tó. Ọ̀kan tí ó bá jẹ́rìí sí òmíràn ni a ń fẹ́.

Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Pest ní ọdún 1855. Ní 1857, ó fẹ́ Maria Weidenhofer, wọ́n sì bí ọmọ márùn-ún. Ìwé ńlá rẹ̀ jáde, a sì kọ ọdún 1861 sí i lára. Nígbà tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kọ̀ ọ́, ó kọ lẹ́tà gbangba sí wọn, ó pe àwọn kan ní apànìyàn. Òótọ́ kò kúkú ní ọ̀rẹ́. Bí a bá tún fi ìbínú sọ ọ́, àwọn tí ìbá gbọ́ náà á di etí.

Ọkàn rẹ̀ dàrú níkẹyìn. Ní ìparí oṣù keje ọdún 1865, wọ́n mú un lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Vienna. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹjọ, ó kú síbẹ̀ ní ẹni ọdún 47. Ọgbẹ́ tí ó kẹ̀ ni ó ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́, irú àìsàn kan náà tí ó ti bá jà ní gbogbo ayé rẹ̀.

Ọdún méjì lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1867, Joseph Lister kọ̀wé nípa bí òun ṣe ń fi oògùn apakòkòrò dáàbò bo ojú ọgbẹ́ ní Glasgow. Ní 1879, Louis Pasteur fi kòkòrò tí ó ń fa ibà abiyamọ han àwọn dókítà ní Paris. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ tó gbà pé òótọ́ ni Semmelweis sọ. Láti ọdún 1969 ni yunifásítì ìṣègùn Budapest ti ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

OHUN TÍ Ó KÀN WÁ

Ìbéèrè rẹ̀ kò ju márùn-ún lọ, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga àti ìyá àgbà ni ó lè lò wọ́n. Ẹni mélòó nínú ẹni mélòó? Àwọn wo ni a fi wọ́n wé? Ǹjẹ́ ẹgbẹ́ méjèèjì jọ ara wọn kí a tó bẹ̀rẹ̀? Ǹjẹ́ iye náà pọ̀ tó, ǹjẹ́ àkókò náà sì gùn tó tí a fi lè sọ pé kì í ṣe kòńgẹ́? Àwọn wo ni wọn kò kà?

Ẹ fi wọ́n dán ìpolówó wò. Bí wọ́n bá ní oògùn kan dín àìsàn kù ní ìlàjì, ẹ béèrè pé láti mélòó sí mélòó. Bí ó bá jẹ́ láti 200 nínú 1,000 sí 100, ohun ńlá ni. Bí ó bá jẹ́ láti 2 nínú 1,000 sí 1, ìlàjì náà ni, ṣùgbọ́n ẹni 1,000 ni yóò gbé oògùn náà mì kí ẹnìkan tó jẹ àǹfààní rẹ̀, àwọn yòókù á sì fara da ìnira tí oògùn náà bá ní.

Ẹ tún fi wọ́n wo ọ̀rọ̀ tí ó kan àwọn ọmọbìnrin wa gan-an. Ìròyìn nípa ikú abiyamọ ní ilẹ̀ Britain fún ọdún 2019 sí 2021 sọ pé ikú àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ti àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìlọ́po mẹ́rin nìkan, àyà rẹ̀ á já. Mélòó nínú mélòó? Nǹkan bí 37 nínú 100,000, sí bí 10 nínú 100,000. Nítorí náà, kí aláboyún kankan má torí ìbẹ̀rù sá fún ilé ìwòsàn. Àwọn tí ó bí tí wọ́n sì yè ni ó pọ̀ jù lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé 37 kéré. Ìyàwó ẹnìkan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìyàtọ̀ láàrin 37 àti 10 dà bí ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ẹ̀ka méjì Vienna: kò yẹ kí a fi ẹ̀sùn kan àwọ̀ ara bí wọ́n ti fi kan àjòjì. Ó yẹ kí a máa wádìí ohun tí ó yàtọ̀ nínú ìlera wọn kí wọ́n tó lóyún, nínú ìgbé-ayé wọn, àti nínú ọwọ́ tí a fi ń tọ́jú wọn, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sì máa kà á.

Gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì, mo fi èyí kún un. Bí ibà tàbí òtútù bá mú abiyamọ láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ, bí inú bá ń run ún ju bí ó ti yẹ lọ, bí ohun tí ń jáde lára rẹ̀ bá ń rùn, tàbí bí ó kàn bá ní ara òun kò dá, kí ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ pe agbẹ̀bí tàbí dókítà lójú ẹsẹ̀, bí wọn kò bá sì fetí sí yín, ẹ tún un sọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fọwọ́ kàn yín ní wọ́ọ̀dù, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti fi ọ̀wọ̀ béèrè bóyá ó ti fọ ọwọ́. Nọ́ọ̀sì gidi kò ní bínú.

Ní gbogbo ilé tí a ti ń retí ọmọ nínú ìjọ wa, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.